Ìkòkò Kan Nínú Ilé Mẹ́sàn-án

Káàdì náà ní ìbéèrè mẹ́wàá, ìbéèrè keje ló sì burú jù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sílé. Mi ò kọ èyí láti fi hàn pé mo gbọ́n ju àwọn tó gbà mí síṣẹ́ lọ. Àṣìṣe tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tiwọn nìkan, n ó sì ka tèmi náà mọ́ ọn nígbà tí mo bá débẹ̀.

Àwọn ọdún tí owó epo já wálẹ̀ ní Calgary ni. Ilé iṣẹ́ epo tí mo wà ní downtown pe àwa bíi méjìlá wọ yàrá kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n fún kálukú ní àpò ìwé funfun kan, wọ́n ní ká fi káàdì ìwọlé wa sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ statistics nílé, mo tún kà á níbí. Kò sí èyí tó dín nínú ìwé ẹ̀rí méjèèjì láàárín aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n èmi tó ni wọ́n ti di ẹni tí ń wáṣẹ́. Ní Saddle Ridge tí à ń gbé, ẹ lè mọ ilé tí lay-off ti wọ̀ láìbéèrè. Mọ́tò tó yẹ kó ti jáde láàárọ̀ ni ẹ ó bá níwájú ilé ní ọ̀sán, snow á ti bò ó, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbá a kúrò.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan tí ọ́fíìsì wọn kò jìnnà sí ibùdó train ní Rundle gbà mí fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn India, ìpínlẹ̀ tí àwọn ará India fúnra wọn máa ń mẹ́nu bà bí wọ́n bá fẹ́ ṣàpèjúwe ìṣẹ́. Wọ́n lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri, àpótí aláràbarà kún inú rẹ̀, àpótí kan fún àfojúsùn ìdàgbàsókè kọ̀ọ̀kan tí ayé gbé kalẹ̀ fún ara rẹ̀. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé kí ìṣẹ́ tán níbi gbogbo. Àwòrán ìpínlẹ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀, píìnì sì dúró lórí abúlé kọ̀ọ̀kan. Píìnì pupa ni fún abúlé tó ṣì wà nínú ìṣẹ́, píìnì àwọ̀ ewé fún èyí tó ti jáde. Bí abúlé bá ti di àwọ̀ ewé, ẹgbẹ́ á kó ẹrù wọn, wọ́n á kọjá sí abúlé mìíràn. Iṣẹ́ tèmi ni láti ka àwọn káàdì ìbéèrè, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, tí àwọn oníwádìí fi ránṣẹ́ láti ọ̀hún, kí n ro máàkì wọn pọ̀, kí n sọ èwo ni píìnì tó kàn láti pààrọ̀.

Káàdì náà béèrè irú òrùlé tó wà lórí ilé, irú ilẹ̀ tó wà nínú yàrá, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, bóyá ọmọbìnrin ilé ń lọ sílé ìwé, bóyá kẹ̀kẹ́ wà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè keje ni: ṣé pressure cooker wà nínú ilé yìí? Ìkòkò onírin ọlọ́mọrí dídè yẹn ni, èyí tó máa ń súfèé bí ẹ̀wà bá ti jinná. Máàkì rẹ̀ pọ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ lọ, ó pọ̀ ju ti òrùlé lọ. Ẹni tó ṣe káàdì náà rò ó pé ẹni tó bá ní ìkòkò yẹn á ní ẹ̀wà tí yóò sè nínú rẹ̀, á sì ní ohun tí yóò fi dáná. Ìrònú náà mọ́gbọ́n dání, fún ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì.

Bàbá kan máa ń wá bá mi ka ọwọ́ ìkọ̀wé Hindi tó wà lórí káàdì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ yẹn gan-an ni, Falconridge ló ń gbé. Ó ti ya àwòrán páìpù epo fún bí ogún ọdún kí wọ́n tó fún òun náà ní àpò ìwé funfun tirẹ̀. Uncle ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní beti, ìyẹn ọmọ mi obìnrin.

"Beti," ó wí lọ́jọ́ kan, ó gbé káàdì kan sókè, "abúlé yìí ti là o."

"Báwo?"

"Gbogbo wọn ló ní cooker. Gbogbo wọn! Nígbà tí mo gbéyàwó, bàbá mi ò ní cooker. Wọ́n ti fi bàbá mi sílẹ̀ sẹ́yìn."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ilé mẹ́sàn-án ni wọ́n mú ṣe àpẹẹrẹ fún odidi abúlé náà, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè keje. Máàkì yẹn ló gbé wọn kọjá ìlà ìṣẹ́. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí píìnì wọn yí padà, ni mo bá ka ìbéèrè kẹwàá. Ohun tí ilé náà jẹ lánàá ni ìbéèrè kẹwàá ń béèrè. Kò ní máàkì kankan. Wọ́n fi í síbẹ̀ kí wọ́n lè rí ìtàn kọ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Ilé kìíní jẹ ìrẹsì àti iyọ̀. Ilé kejì jẹ ìrẹsì, iyọ̀ àti ata. Ilé kẹta, ìrẹsì àná tí wọ́n da omi sí. Mo ka mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, n kò rí ẹ̀wà nínú ìkankan.

"Uncle, ta ló ní ìkòkò ẹ̀wà tí kì í jẹ ẹ̀wà?"

Ó yí káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Fọ́tò wà lẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan, níbi tí àwọn ará ilé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ohun ìní wọn. Mo tẹ́ àwọn fọ́tò náà sórí tábìlì ní ìlà mẹ́ta. Ìkòkò tó wà ní ilé kìíní ní ibi kékeré kan tó tẹ̀ wọnú ní ẹ̀gbẹ́ ọmọrí rẹ̀ lápá òsì, bí ibi tí wọ́n ti fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀bà, wọ́n sì fi okùn búlúù so ọwọ́ rẹ̀ tó ti kán. Èyí tó wà ní ilé kejì tẹ̀ wọnú lápá òsì, ó ní okùn búlúù. Ní ilé kẹrin, ìyá àgbà kan gbé e mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ. Uncle bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Beti," ó ní, "ìkòkò kan ni."

Obìnrin kan wà ní abúlé náà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Didi, èyí tó túmọ̀ sí ẹ̀gbọ́n obìnrin. Òun ló ń bójú tó ilé oúnjẹ tí ẹgbẹ́ wa gbé kalẹ̀ níbẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti àwọn aboyún ti ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́: ìrẹsì, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní dal, àti ẹyin ní ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀. Aago méje àárọ̀ tiwa ni aago méje àbọ̀ alẹ́ tiwọn, nítorí náà kí ọ́fíìsì tó ṣí ni a pè é. Uncle ń túmọ̀, fóònù wà láàárín wa.

Mo ní, "Ẹ bá mi bi Didi, ìkòkò ta ni èyí tó ní okùn búlúù?"

Didi bú sẹ́rìn-ín. "Ti ìyàwó tíṣà ni. Èmi ni mo so okùn yẹn fún un."

"Kí ló gbé e dé ilé mẹ́sàn-án?"

"Ẹsẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Kí ló tún kù? Wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé àwọn àlejò ń bọ̀ wá ya fọ́tò, pé fọ́tò náà ń lọ sí Canada. Ṣé kí wọ́n wá bá ilé ní òfìfo ni? Bí wọ́n bá ti kúrò ní ilé kan, à ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé e lọ sí èkejì. Ìyàwó tíṣà ò tilẹ̀ sè nǹkan nínú rẹ̀ rí. Ilé ìyá rẹ̀ ló ti gbé e wá nígbà ìgbéyàwó. Èéfín igi á sọ ọ́ di dúdú, bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò gbé e lọ sílé ọkọ."

Mo ní kí Uncle sọ fún un pé ìkòkò yẹn ní máàkì. Didi béèrè pé máàkì wo. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé òṣùwọ̀n ni káàdì náà. Àlejò ni wọ́n rò pé ó wá. Uncle ṣàlàyé, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó parí, Didi kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bí wọ́n bá ní a ti jáde nínú ìṣẹ́, ilé oúnjẹ ńkọ́?"

Mo ní yóò tì ní ìparí oṣù.

"Àwọn ọmọ méjì wà lọ́wọ́ mi," ó wí, "tí mo lè fi ìka méjì ká apá wọn."

N kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìkòkò náà fún mi síwájú sí i. Ìyá mi ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ran àwọn ọmọ tálákà lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n sì rán ọkùnrin méjì láti wá wo ilé wa bóyá a tòṣì tó. Ìyá mi gbọ́ ní alẹ́ tó ṣáájú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti yá àga onítìmùtìmù mẹ́rin lọ́wọ́ ìyá onílé, ó yá kápẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ aránṣọ, ó yá fáànù tí kò lè yí nítorí pé kò sí iná. Ó gbé malt fún àwọn ọkùnrin náà. Wọ́n mu ún, wọ́n kọ̀wé, wọ́n dúpẹ́, orúkọ mi kò sì jáde. Nígbà tí mo sunkún, ó ní, "Ṣé kí n jókòó sínú òṣì kí àlejò wá bá mi níbẹ̀ ni?" Mo bínú sí i fún ọdún mẹ́wàá. Láti ìgbà náà wá, àwọn ọkùnrin méjì yẹn ni mò ń bínú sí. Ojoojúmọ́ là ń gbàdúrà nílé pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa. Ta ló ń gbàdúrà pé kó rán oníwádìí wá tú u?

Mo kọ ojú ìwé márùn-ún. Mo ní wọn ò sọ ìdí tí wọ́n fi wá fún àwọn ará abúlé. Mo ní wọ́n fi ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ tó wọn létí, wọn ò sì fi ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá wọ̀n tó wọn létí, ìdajì ọ̀rọ̀ sì burú ju àìsọ rárá lọ. Mo ní ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló wà lẹ́bàá títì, níbi tí mọ́tò àwọn oníwádìí lè dé láìrì sínú ẹrẹ̀. Mo ní oúnjẹ kò ní máàkì nínú káàdì tó ń wọn ìṣẹ́. Mo so fọ́tò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ́ ọn, mo fi pẹ́ńsùlù pupa yí ibi tí ọmọrí náà ti tẹ̀ ká nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ mi kà á nílé ìdáná, ó mí kanlẹ̀. "Abeg, oṣù méjì ló kù nínú contract yìí. Ṣé ìwọ nìkan lojú ẹ ń ríran ní Calgary ni?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú. Fọ́tò ni."

"Agbẹjọ́rò ìkòkò," ó wí, ó dá ìwé náà padà fún mi.

Ọmọ wa obìnrin pariwo láti basement: "Mommy, are you fighting your boss again?"

Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin ará ibí tí kì í gbóhùn sókè. Ènìyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó sì ṣòro láti bá ènìyàn dáadáa jà. Ó wo fọ́tò náà fún ìgbà pípẹ́, ó fi ìka tọ pẹ́ńsùlù pupa mi láti ọ̀kan dé èkejì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Wọ́n tàn wá jẹ."

Ó ṣí ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ sí ojú ìwé kan. Abúlé tó bá jáde nínú ìṣẹ́ lè padà sórí ìwé àwọn tí ẹgbẹ́ ń ràn lọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún kan bí nǹkan bá tún bàjẹ́ fún un. Abúlé tó bá jẹ́rìí èké kò lè padà mọ́ láéláé. N kò tíì ka ojú ìwé yẹn. Èmi tí mo ka ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ títí dé lẹ́tà tó kéré jù nísàlẹ̀, n kò ka èyí. Bí mo bá ti dákẹ́ ni, ilé oúnjẹ Didi ìbá tì fún ọdún kan. Nítorí pé mo sọ̀rọ̀, tí mo sì sọ ọ́ tòun ti ẹ̀rí, ó fẹ́ tì títí ayé. Mo ti ṣèlérí pé n ó ka tèmi náà. Òun nìyẹn.

Mo ní, "Ìbéèrè keje ló burú, kì í ṣe àwọn ènìyàn náà."

Ọ̀gá gbójú sókè wo àwòrán ara ògiri. "Bí ìbéèrè keje bá burú níbẹ̀, ṣé ó dára níbi tó kù?"

Gbogbo píìnì àwọ̀ ewé ló wà níwájú wa. Uncle, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, gbẹ́nu lé e. Ó ní, "Madam, lọ́dọ̀ tiwa, bí àlejò bá dé tí o ò gbé nǹkan tó dára jù síta, o ti bú u nìyẹn. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún yín ni."

"Ọ̀wọ̀ kò sí lórí káàdì," ọ̀gá dáhùn.

"Mo ti rí i pé kò sí níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí. Ó ti rí ọ̀nà kan. Bí àwọn obìnrin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá lè kọ lẹ́tà, kí wọ́n jẹ́wọ́, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì, òun lè sọ fún board, ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́, pé àṣìṣe ni, kì í ṣe irọ́. Ilé oúnjẹ á wà bẹ́ẹ̀ títí di ìwádìí mìíràn lẹ́yìn òjò. Mo ní kò tọ́ kí ẹni tí a ṣẹ̀ máa bẹ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ jàre ni, àbí o fẹ́ kí àwọn ọmọ jẹun?"

Mo ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀sùn láyé mi, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìyẹn rí. A pe Didi.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jà lé e lórí. Inú bí ìyàwó tíṣà jù, ó ní wọ́n ti sọ ìkòkò tí ìyá òun fún òun di ẹlẹ́rìí èké. Ìyá àgbà ilé kẹrin ní òun kò jí nǹkan kan, òun kò tọrọ nǹkan kan, òun kò ní tẹ àtàǹpàkò sí ohunkóhun. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́tà náà dé sórí fóònù Uncle. Àtàǹpàkò mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Uncle kà á, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀:

"Ẹ̀yin àlejò wa. Ìkòkò tí ẹ rí kì í ṣe tiwa, àfi ilé kan. Nítorí yín la ṣe gbé e síta. Bí ó bá dùn yín, ẹ forí jì wá. Nígbà tí ẹ bá tún ń bọ̀, a ò ní gbé nǹkan kan síta. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ wákàtí tí ẹ máa dé fún wa, kí a lè gbálẹ̀."

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní mẹ́jọ náà tó. Lẹ́yìn náà ló fi bírò tọ́ka sí ìsàlẹ̀. "Yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn. Board á rò pé wọ́n tún fẹ́ múra sílẹ̀ dè wá ni."

Mo mọ̀ pé ó tọ́ nípa board, mo sì mọ̀ pé gbólóhùn yẹn nìkan ni ohun tí àwọn obìnrin náà tọrọ nínú lẹ́tà náà. Uncle ń wo bàtà rẹ̀. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo yọ ọ́. N kò sọ fún Didi.

Board gbà. Ilé oúnjẹ kò tì. Àdéhùn oṣù mẹ́fà mi parí, wọn kò tún un ṣe, n kò sì bẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí òjò ọ̀hún dá, mo pàdé Uncle ní ilé ìtajà kan nítòsí Sunridge, ó ń yan àlùbọ́sà. Ó ní wọ́n ti ṣe ìwádìí kejì. Àwọn oníwádìí dé lójijì ní ọ̀sán gangan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n sọ. Wọ́n bá ìgbẹ́ ewúrẹ́ nílẹ̀, wọ́n bá àwọn obìnrin nínú aṣọ oko. Wọ́n ya fọ́tò. Máàkì abúlé náà wálẹ̀ gidigidi, nítorí náà wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìwé.

"Àwọn ọmọ méjì yẹn ńkọ́?"

"Didi ní apá wọn ti ń kún."

"Ìyá àgbà ilé kẹrin ńkọ́?"

Uncle fi àlùbọ́sà tó mú sílẹ̀, ó mú òmíràn. Ó ní nígbà tí ìyá náà rí mọ́tò wọn, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n kan ilẹ̀kùn títí, kò ṣí i, wọ́n sì kọ ọ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Láti ọjọ́ náà, kì í jẹ́ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ mọ́. Didi ń bu ti ọmọ náà pamọ́ sínú abọ́ lójoojúmọ́, ó ń gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ìyá àgbà. Ìgbà mìíràn, ìyá náà á gbà á. Ìgbà mìíràn, kò ní gbà á.